Fọ́nrán Sùpàgẹ́tì Gbọọrọ Kan

Iyọ̀ ni mo bù sí tíì àlejò wa láàárọ̀ ọjọ́ Sátidé yẹn. Ẹ jẹ́ kí n tètè jẹ́wọ́, nítorí pé títí di òní ni wọ́n ṣì ń fi ọ̀rọ̀ náà ṣe mí ní yẹ̀yẹ́ káàkiri Deira, ní Dubai níbí. Agolo méjì tó jọra ló máa ń wà lórí tábìlì ní ṣọ́ọ̀bù kágò wa. Ṣúgà wà nínú ọ̀kan, iyọ̀ tí ọ̀gá mi fi ń jẹ ẹyin sísè wà nínú èkejì. Ara páálí ẹrù Ìkòròdú ni ojú mi wà, ọwọ́ mi bá lọ síbi tí kò yẹ kó lọ.

Àlejò náà mu tíì ọ̀hún tán láìfajúro.

"O ṣé o, Ṣẹ̀san," ó ní. "Tíì yìí dáa."

Ìgbà tí èmi náà bu tèmi sẹ́nu ni mo sáré tu ú dànù. Mo wo obìnrin náà, mo sì sọ lọ́kàn mi pé ilé tí wọ́n ti ń kọ́ ọmọ lẹ́kọ̀ọ́ lèyí ti wá, kò fẹ́ kójú tì mí. Ọ̀gá mi rí gbogbo rẹ̀ láti orí àga rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ òṣùwọ̀n. Ó na ọwọ́ mú ife mi, ó fi ìka tọ́ ọ wò, ó sì gbé e kalẹ̀.

Alhaja Khàdíjàt Ọlọ́ládé lorúkọ ọ̀gá mi, ṣùgbọ́n Ìyá Kílò ni gbogbo oníṣòwò tó ń kó ẹrù lọ sí Èkó ń pè é. Ọdún kọkàndínlógún rẹ̀ nìyí tó ti ń di ẹrù ní Deira. Tó bá gbé nǹkan sókè báyìí, á ti sọ ìwọ̀n rẹ̀ fún ọ kí òṣùwọ̀n tó lajú. Nítorí náà, bí nǹkan àwọn èèyàn wa bá sọnù, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni wọ́n ń kọ́kọ́ sá wá. Ọ̀rọ̀ kan náà ló máa ń sọ fún wọn: nǹkan lè sọnù, ìwọ̀n rẹ̀ kì í sọnù, ibì kan ló ti ń tẹ̀wọ̀n.

Ẹni tó mu tíì oníyọ̀ yẹn ni Àǹtí Fúnmi, Olúwafúnmilọ́lá Ògúnlẹ́yẹ tó ń kọ ìwé ìtàn àròsọ. Bí ẹ bá ti ka ìtàn Yorùbá kan rí tí ebi fi pa yín lójú ìwé kejì, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ òun ló kọ ọ́. Òun àti ọkọ rẹ̀, Engineer Ògúnlẹ́yẹ, ń gbé ní Al Majaz, ní Sharjah. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ló dé láti Ítálì, níbi tó ti lo ọjọ́ mọ́kàndínlógún, ó ti Róòmù dé Bologna, ó ti Bologna dé Naples, ó ti Naples dé Palermo, ó ń jẹun káàkiri. Iṣẹ́ ni o. Ìwé tuntun rẹ̀ dá lórí obìnrin Ìjẹ̀bú-Igbó kan tó lọ ń dáná fún àwọn olówó lọ́hùn-ún, Àǹtí Fúnmi kò sì lè kọ nípa oúnjẹ tí kò bá tíì kan ẹnu rẹ̀. Gbogbo ohun tó jẹ ló kọ sínú ìwé àkọsílẹ̀ kan tí ẹ̀yìn rẹ̀ pupa.

"Ìwé náà ti lọ, Alhaja," ó ní. "Wọ́n ti jí i."

"Ìgbà wo lẹ rí i kẹ́yìn?"

"Tuesday, ọjọ́ tí mo dé gan-an. Orí dining table ló wà. Ṣeun wá kí mi káàbọ̀ nírọ̀lẹ́, ó sì ṣí i wò. Nígbà tó di Wednesday láàárọ̀, mi ò rí i mọ́. Àná, ọkàn mi dàrú débi pé mo lọ wá a ní airport, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ilé ni mo ti rí i kẹ́yìn. Wọn ò rí nǹkan."

"Ṣeun wo nìyẹn?"

"Olúwaṣeun. Ó ń lọ yunifásítì ní Sharjah níbẹ̀, òun náà ń kọ novel. Èmi ni mò ń kọ́ ọ. Mo ti dé ọ̀dọ̀ police. Wọ́n ní kí n mú orúkọ ẹni tí mo bá fura sí wá, pẹ̀lú Emirates ID mi. Aago márùn-ún òní ni mò ń padà lọ."

"Orúkọ ọmọ yẹn lẹ fẹ́ mú lọ?"

"Ta ló kù, Alhaja?"

Ara mi bù máṣọ. Student visa ni ọmọ náà fi wà nílùú yìí. Bí ẹjọ́ olè bá bá irú rẹ̀, yóò ti dé Èkó kó tó mọ ohun tó ṣẹlẹ̀.

Ìyá Kílò kò sọ̀rọ̀ nípa Ṣeun. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ kí n béèrè ìbéèrè òmùgọ̀ kan. Ẹnu yín lẹ fi jẹ oúnjẹ wọ̀nyẹn, ẹnu yín sì wà níbẹ̀. Ẹ ò ṣe jókòó kí ẹ tún un kọ?"

Àǹtí Fúnmi wo inú ife tó ti gbẹ. "Kò ṣeé ṣe," ó ní. "Àwọn tó fẹ́ tẹ̀ ẹ́ n'Íbàdàn ń retí ẹ̀ ní ìparí oṣù yìí, kó lè bá ìpàtẹ ìwé November. Ṣùgbọ́n ìyẹn kọ́ lọ̀rọ̀. Tí mi ò bá rí ìwé yẹn, ìwé kíkọ tèmi ti parí nìyẹn."

Ó sọ ọ́ pẹ̀lẹ́, bí ẹni tó ti ro ó títí. Àánú rẹ̀ ṣe mí débi pé mo gbàgbé ìtìjú iyọ̀.

Ìwé méjì tó jọra ló rà ní Róòmù, èkejì tí kò tíì kọ nǹkan sí sì wà nínú báàgì rẹ̀. Ìyá Kílò gbà á, ó gbé e lé àtẹ́lẹwọ́, ó di ojú, ó sì dúró bẹ́ẹ̀ fún ìṣẹ́jú kan gbáko. Lẹ́yìn náà ló gbé e sórí òṣùwọ̀n.

"Six hundred and forty grams. Ẹ lẹ nǹkan mọ́ tọ̀ún?"

"Tíkẹ́ẹ̀tì tréènì, tissue, bébà tí wọ́n kọ oúnjẹ sí."

"Seven hundred nìyẹn. Ẹ máa lọ sílé, Àǹtí. Aago mẹ́rin mo ti dé."

*

Sàídì ló gbé wa lọ sí Sharjah. Ó máa ń fi ọkọ̀ rẹ̀ gbé àwọn òṣìṣẹ́ láàárín Dubai àti Sharjah, òun náà ló sì lọ gbé Àǹtí Fúnmi ní airport lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Gbogbo fèrèsé ọkọ̀ rẹ̀ ló wà ní ṣíṣí nínú oòrùn September.

"AC ti bàjẹ́ ni?" mo bi í.

"Kò bàjẹ́ o, bọ̀ọ̀dá. Ẹ kàn jókòó."

Ìyá Kílò ní kó ṣí bùútù kí òun fi àpò òun sí i. Sàídì ní bùútù ti kún. Ìyá Kílò ṣí i fúnra rẹ̀. Ọlọ́run ló mọ̀, ohun tó wà níbẹ̀ kò ju táyà kan lọ, pẹ̀lú nǹkan onígun mẹ́rin kan tí wọ́n fi ìborùn obìnrin wé. Mo mọ ìborùn náà. Àǹtí Fúnmi ló máa ń bò ó wá sí ṣọ́ọ̀bù wa.

"Ta ló ni ìyẹn, Sàídì?"

"Ẹ jọ̀ọ́, Màmá, ẹ má tú u."

Ìyá Kílò kò tú u. Ó kàn gbé e sókè díẹ̀, ó sì gbé e padà. "Kílò kan àti díẹ̀. Kì í ṣe ohun tí mò ń wá. Kí ni?"

"Wàràkàṣì ni," Sàídì ní, bí ẹni tó ń jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀. "Àǹtí ló fún mi, ó ní láti Bologna ni. Ó ń rùn, Màmá. Ó ń rùn ju bí ẹnu ṣe lè sọ ọ́ lọ. Ẹ̀bùn àgbà ni, mi ò lè sọ ọ́ nù. Ìyàwó mi sì ní tó bá wọlé, òun á jáde."

Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Ìyá Kílò kò rẹ́rìn-ín.

"Níbo ló wà nígbà tí ẹ ń bọ̀ láti airport?"

"Orí itan Àǹtí. Traffic burú lọ́jọ́ yẹn, a lo wákàtí kan àti díẹ̀ lójú ọ̀nà. Mo ṣí gbogbo window, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ yọ orí síta. Àǹtí ò tiẹ̀ yí imú. Wọ́n ń bi mí pé ṣé ooru ló ń mú mi ni."

"Yalla," Ìyá Kílò ní. "Máa wa ọkọ̀."

Ó ní ká kọ́kọ́ yà ní Abu Shagara, ní Sharjah, lọ́dọ̀ Ṣeun.

*

Bedspace ni Ṣeun ń gbé, bẹ́ẹ̀dì kan nínú yàrá tí òun àti àwọn mìíràn jọ háyà, lókè ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta ọkọ̀ àlòkù. Ó ti gbọ́ pé orúkọ òun ń lọ sọ́dọ̀ ọlọ́pàá. Ojú rẹ̀ ti wọlé.

"Ẹ kú ọ̀nà, Mà." Ó dọ̀bálẹ̀ láàárín bẹ́ẹ̀dì méjì, àyè náà kò fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà á. "Mi ò jí i, Mà. Mo fi Ọlọ́run búra."

"Mi ò ní kí o búra. Kí lo ṣe sí ìwé náà?"

Ó yọ fóònù rẹ̀. "Mo ya fọ́tò ẹ̀."

"Gbogbo ẹ̀?"

"Ojú ìwé méjì péré. Àǹtí lọ gbé omi wá fún mi, mo bá yà á kíá. Mo fẹ́ wo bí wọ́n ṣe ń kọ nǹkan sílẹ̀ kó tó di ìtàn. Bí mo ṣe yà á tán ni Dádì, ọkọ Àǹtí, ti ibi iṣẹ́ dé. Àwọn náà ló sìn mí dé lift nígbà tí mò ń lọ."

Ìyá Kílò ní kí n kà á sókè. Ojú ìwé apá òsì sọ nípa Naples:

"Tòmátì wọn dùn, lẹ́yìn náà ó kan díẹ̀ bí àgbálùmọ̀ tí kò tíì pọ́n tán. Òórùn búrẹ́dì inú ààrò ti mú mi láti ìkóríta. Ẹja kéékèèké orí rẹ̀ níyọ̀ débi pé ahọ́n mi ń bẹ omi, síbẹ̀ mi ò fẹ́ mu omi kó má bàa lọ."

Itọ́ dà lẹ́nu mi. Mo bọ́ sí apá ọ̀tún, Palermo:

"Àwo aláwọ̀ búlúù. Ẹja funfun. Búrẹ́dì náà ń dún lẹ́nu. Bàbá kan ń rẹ́rìn-ín ní tábìlì kejì. Ibà mi ti lọ lánàá."

"Apá ọ̀tún yẹn ni mo fẹ́ràn jù," Ṣeun ní. "Ọ̀nà ìkọ̀wé tuntun ni Àǹtí ń dán wò. Wọn ò fi nǹkan dárà rárá."

Ìyá Kílò wò ó pẹ̀lú ìfẹ́, bí a ṣe ń wo ọmọ tó gbọ́n tí kò tíì dàgbà. "Ọ̀nà ìkọ̀wé kọ́, ọmọ mi," ó ní. Ó dìde. "Má lọ sí ibì kankan. Kò sí ẹni tó máa mú ọ."

Ní àtẹ̀gùn ni mo bi í léèrè. "Màmá, báwo lẹ ṣe mọ̀ pé òun kọ́?"

"Ṣẹ̀san, tí o bá fẹ́ gbé gbogbo àpò ìrẹsì lọ, ṣé wàá tún dúró bu ẹ̀kúnwọ́ méjì pamọ́?"

*

Aago mẹ́rin kò tíì lù tí a dé Al Majaz. Omi adágún ń dán nísàlẹ̀ fèrèsé. Bùnmi, àbúrò Àǹtí Fúnmi tó ń gbé lọ́dọ̀ wọn, ló ṣílẹ̀kùn fún wa. Òun ló ń dáná ilé náà. Àǹtí Fúnmi ti wọṣọ tán, Emirates ID rẹ̀ wà lórí tábìlì níwájú rẹ̀, ojú rẹ̀ sì wà lára aago.

"Níbo ni Engineer wà?" Ìyá Kílò béèrè.

"Wọ́n lọ sí office wọn ní JLT, ní Dubai," Bùnmi ní. "Wọ́n ní iṣẹ́ pọ̀."

"Lọ́jọ́ Saturday?"

"Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n wí."

Ìyá Kílò ní òun fẹ́ mu omi, ó sì bá Bùnmi wọ kíṣíìnì. Mo tẹ̀ lé wọn. Ibẹ̀ mọ́ tónítóní. Ó fọwọ́ gba ojú gáàsì ìdáná, ó gbé ìkòkò kan yí wò, wọ́n ti fi irin fọ ìdí rẹ̀ títí ó fi ya yánnayànna.

"Bùnmi, o ṣeun o. Kíṣíìnì rẹ mọ́."

"Èmi kọ́ o, Mà. Àná ni mo rí i bẹ́ẹ̀. Mo jáde lọ Dubai láàárọ̀, nígbà tí mo fi máa dé, wọ́n ti fọ gbogbo ẹ̀. Mo rò pé Àǹtí ni."

"Àǹtí wà ní airport lánàá," mo ní.

Ìyá Kílò gba fóònù mi, ó tan iná rẹ̀ sẹ́yìn gáàsì, ó bẹ̀rẹ̀ wò ó, ó na ọwọ́ wọbẹ̀. Fọ́nrán sùpàgẹ́tì gbígbẹ kan ló fà jáde. Ó gùn tó ìdajì apá mi, kò sì kán.

"O se sùpàgẹ́tì lọ́sẹ̀ yìí?"

"Thursday, Mà. Mo fi ọbẹ̀ sè é pọ̀."

"Bí o ṣe máa ń fi í sínú ìkòkò nìyí?"

Bùnmi wò ó bí ẹni pé wọ́n bi í bóyá ó máa ń bó ìrẹsì kó tó sè é. "Gbọọrọ báyìí? Mo máa ń kán an sí méjì ni. Ta ni kì í kán sùpàgẹ́tì?"

Òótọ́ ló sọ. Láti ilé ìyá mi títí dé yàrá àpọ́n tí mo gbé ní Ojodú, mi ò rí ọmọ Yorùbá kan tó gbé sùpàgẹ́tì kaná tí kò kọ́kọ́ kán an. Bí a bá ti ya ọ̀rá rẹ̀, ohun tó kàn nìyẹn.

Ìyá Kílò mú fọ́nrán náà lọ sí pálọ̀. "Ẹ̀gbọ́n, àwọn ará Ítálì ń kán an?"

Fún ìgbà àkọ́kọ́ lọ́jọ́ náà, Àǹtí Fúnmi rẹ́rìn-ín. "Ẹ má rán mi létí. Róòmù ni. Ìyá arúgbó kan ní ilé oúnjẹ kékeré lẹ́yìn station, ó gbà kí n wọ kitchen òun. Mo mú sùpàgẹ́tì, mo ní kí n ràn wọ́n lọ́wọ́, mo kán an. Ó fi ṣíbí igi gbá mi lọ́wọ́, Alhaja. Èmi ẹni ọgọ́ta ọdún. Lẹ́yìn náà ló fi hàn mí pé èèyàn á kàn gbé e sínú omi, á dúró, á jẹ́ kó tẹ̀ fúnra ẹ̀. Ó ní kò sóhun tí ìkánjú fẹ́ bá oúnjẹ dá pọ̀."

"Ta lẹ ti sọ ọ́ fún?"

"Ta ni màá sọ irú ìtìjú yẹn fún? Inú ìwé ni mo kọ ọ́ sí, mo pa á dé."

Ìyá Kílò fà mí jáde sí bálíkónì.

"Ẹni tó ka ìwé yẹn ló dáná nílé yìí lánàá," ó ní.

"Bùnmi ni?"

"Alásè kì í fọ ìkòkò bẹ́ẹ̀ yẹn. Ẹni tó jó oúnjẹ tí kò fẹ́ kí wọ́n mọ̀ ló ń fi irin fọ ìdí ìkòkò."

Kí n tó dáhùn, kọ́kọ́rọ́ yí nínú ilẹ̀kùn.

*

Engineer Ògúnlẹ́yẹ ga, irun rẹ̀ ti funfun, ó sì wọ táì lọ́jọ́ Sátidé. Báńdéèjì wà lórí àtàǹpàkò rẹ̀. Báàgì kọ̀ǹpútà rẹ̀ wà léjìká.

"Ẹ káàbọ̀, sà," gbogbo wa kí i. Ìyá Kílò ló kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó kúnlẹ̀ díẹ̀, ó na ọwọ́ méjèèjì. "Ẹ kú iṣẹ́, sà. Ẹ jẹ́ kí n gbà yín lẹ́rù."

"Rárá, Alhaja, ẹ má ṣèyọnu."

"Èwo ni ìyọnu níbẹ̀, sà?"

Ọwọ́ Engineer kò kúrò lára okùn báàgì náà. Gbogbo wa ń wò ó. Láyé mi, mi ò rí àgbàlagbà Yorùbá tó ti ibi iṣẹ́ dé, tí wọ́n ní kí àwọn gba ẹrù lọ́wọ́ rẹ̀, tó sì kọ̀. Òun náà mọ̀ pé kò ṣeé kọ̀. Ó tú ọwọ́ sílẹ̀.

Ìyá Kílò gba báàgì, ó sì di ojú rẹ̀ gẹ́gẹ́ bó ṣe ṣe láàárọ̀. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún kọ̀ǹpútà ló ti gba ọwọ́ obìnrin yẹn lọ sí Èkó. Ó mọ ìwọ̀n kọ̀ǹpútà, ó mọ ti wáyà rẹ̀, ó mọ ti báàgì òfìfo. Ó la ojú, ó rọra gbé báàgì náà lé orí àga, kò sì ṣí i. Ohun tí mo fi fẹ́ràn rẹ̀ nìyẹn. Ó lè ṣí i.

Ó ní, "Sà, ó ku ìṣẹ́jú ogún kí aago márùn-ún lù. Àǹtí ń lọ fi orúkọ Ṣeun lé police lọ́wọ́. Mo ní kí ẹ mọ̀."

Engineer wo ìyàwó rẹ̀, ó wo Emirates ID tó wà lórí tábìlì. Ó jókòó láìtú táì.

"Ẹ má lọ, Mọ́mì Ìlérí," ó ní. "Ìwé yín wà lọ́wọ́ mi."

Ó ṣí báàgì náà fúnra rẹ̀, ó yọ ìwé pupa náà jáde, ó gbé e kalẹ̀.

"Dádì Ìlérí." Ohùn Àǹtí Fúnmi rẹlẹ̀. "Ẹ rí mi tí mò ń sunkún. Ọjọ́ mẹ́rin. Ẹ̀yin lẹ tún ń nu ojú mi."

"Mo mọ̀. Mo hùwà òmùgọ̀." Ó fọwọ́ gbá orí. "Tuesday tí ẹ dé, Bùnmi gbàgbé iyọ̀ nínú ẹ̀fọ́. Ẹ jẹ ẹ́ tán, ẹ ní ó dùn. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo ti ń bá yín jẹun, Fúnmi. Kò sí ìkòkò kan tó kọjá níwájú yín tí ẹ ò sọ pé ó dín iyọ̀, títí kan èyí tó níyọ̀. Ẹ̀rù bà mí lọ́jọ́ yẹn ju bí ẹ̀rù ti ṣe bà mí rí láyé mi lọ."

Àǹtí Fúnmi fọwọ́ bo ẹnu.

"Mo pe dókítà kan lálẹ́ ọjọ́ náà. Ó ní ibà lè ṣe bẹ́ẹ̀ sí èèyàn, ó ní kí a máa gbé ohun tí imú yín mọ̀ dáadáa sún mọ́ yín, bóyá á padà díẹ̀díẹ̀. Mo rò ó pé kí ni ẹ mọ̀ jù báyìí? Gbogbo ẹ̀ wà nínú ìwé yẹn. Mo ní kí n mú un fún ọjọ́ kan péré, kí n se ọ̀kan nínú ẹ̀. Kí n tó dé láti office, ẹ ti ní wọ́n jí i, ẹ ti ń pe police. Ojú bá tì mí. Ojoojúmọ́ ni mò ń sọ pé ọ̀la ni màá dá a padà."

"Ẹ̀yin?" Bùnmi ní. "Ẹ wọ kitchen?"

"Mo jó o," Engineer ní, ó fi àtàǹpàkò rẹ̀ hàn wá. "Ṣùgbọ́n mi ò kán an. Ìyá Róòmù yẹn ní kí a má kán an."

Àǹtí Fúnmi bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹkún àárọ̀ ọjọ́ náà. Ó yíjú sí Ìyá Kílò. "Ẹ ti mọ̀, Alhaja? Pé ẹnu mi ti kú?"

"Ṣẹ̀san ló fi hàn mí," ọ̀gá mi ní. "Iyọ̀ ló bù sí tíì yín láàárọ̀."

Gbogbo wọn wò mí. Ká ní ilẹ̀ lanu, ǹ bá wọlẹ̀.

"Mo kọ́kọ́ rò pé ìwà ọmọlúàbí ni. Lẹ́yìn náà ni Sàídì sọ pé ẹ gbé wàràkàṣì yẹn lé itan fún wákàtí kan, ẹ ò yí imú. Mo wá gbọ́ ohun tí ẹ kọ ní Palermo. Ẹni tó rí tòmátì Naples tó rántí àgbálùmọ̀, ó dé Palermo, ó ń ka àwọ̀ àwo. Ìgbà yẹn ni mo mọ ìdí tí ẹ ò fi lè tún un kọ. Ìwé yẹn nìkan ló kù tó mọ adùn nǹkan fún yín."

"Mi ò fẹ́ kí wọ́n mọ̀," Àǹtí Fúnmi ní, ó tọ́ka sí ọkọ rẹ̀. "Wọ́n á dààmú. Àwọn tó jẹ́ pé tí mo bá sín, wọ́n á pe ambulance."

"Ẹ̀yin méjèèjì ń gbé ẹrù kan náà, ẹ wá ń fi í pamọ́ fún ara yín," Ìyá Kílò ní. "Khalas, ó ti tó. Àǹtí, ẹ pe ọmọ Abu Shagara yẹn, kí ẹ bẹ̀ ẹ́. Engineer, ẹ bọ́ táì. Kitchen yá."

*

Ṣeun dé, Àǹtí Fúnmi dì mọ́ ọn, ó bẹ̀ ẹ́ títí ọmọ náà fi bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ òun náà padà. Engineer lé Bùnmi jáde ní kíṣíìnì, ó ní òun kò fẹ́ ìrànlọ́wọ́. A jókòó sí pálọ̀, a ń gbọ́ bó ṣe ń ju ṣíbí sílẹ̀. Àǹtí Fúnmi ṣí ìwé pupa náà, ó ń ka ìtàn àwọn obìnrin Bologna tí wọ́n fi ọjọ́ mẹ́ta kọ́ ọ bí a ṣe ń na ìyẹ̀fun títí á fi fẹ́lẹ́ tó aṣọ.

Ó dákẹ́ láàárín gbólóhùn. Ó gbé orí sókè.

"Dádì Ìlérí," ó ké sí i, "àlùbọ́sà yín ń jó."

Mo fa imú. Mi ò gbọ́ òórùn kankan. Ìyá Kílò náà fa tirẹ̀. Ó pẹ́ díẹ̀ kí òórùn náà tó dé ọ̀dọ̀ wa.

Engineer yọ sí ẹnu ọ̀nà kíṣíìnì, ṣíbí lọ́wọ́. "Kí lẹ wí?"

"Mo ní àlùbọ́sà ń jó." Òun fúnra rẹ̀ ló gbọ́ ohun tó sọ nígbà kejì. Ọwọ́ rẹ̀ lọ sí imú.

Ọkùnrin náà kò padà sídìí gáàsì. Ó wá sọ́dọ̀ ìyàwó rẹ̀, ó kúnlẹ̀ síwájú rẹ̀ lórí kápẹ́ẹ̀tì, ó gbé orí lé e nítan, ó ń sunkún bí ọmọdé. Kò sí ẹnikẹ́ni nínú wa tó rántí pa iná. Ìgbà tí alarm èéfín tó wà lókè àjà bẹ̀rẹ̀ sí í ké, tí watchman sì sáré gòkè wá kan ilẹ̀kùn, ni Bùnmi lọ dá a lóhùn pé, "No fire, habibi. My brother-in-law is cooking."

A jẹ sùpàgẹ́tì náà bẹ́ẹ̀. Ó dúdú, ó gbọọrọ, ó ń yọ̀ bọ́ lẹ́nu fọ́ọ̀kì. Gbogbo wa ń díbọ́n bí ẹni tí kò wo Àǹtí Fúnmi. Ó jẹ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan, ó jẹ ẹ́ lẹ́ẹ̀kejì, ó gbé fọ́ọ̀kì kalẹ̀.

"Mi ò lè parọ́," ó ní. "Mi ò tíì gbọ́ adùn ẹ̀ dáadáa." Ó tún jẹ díẹ̀, ó sinmi. "Ṣùgbọ́n ó dín iyọ̀."

Engineer wo Ìyá Kílò. Ìyá Kílò tọ́ tirẹ̀ wò, èmi náà tọ́ tèmi wò. Lóòótọ́ ni. Ọkùnrin náà kò fi iyọ̀ kankan sí i.

Mo dìde, mo lọ mú agolo kan wá láti kíṣíìnì. Lọ́tẹ̀ yìí, mo kọ́kọ́ tọ́ ọ wò.